Ìdè Tó Gbọ́dọ̀ Tú: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ṣí Ara Rẹ̀ ní Òfuurufú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń ká, tí wọ́n máa ń dì pọ̀, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn lọ sí òfuurufú. Bí wọ́n bá débẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa tú ara wọn, níbi tí kò sí ọwọ́ ẹ̀dá kankan nítòsí.

Ìdí tí wọ́n fi ń ká wọn kò ṣòro. Orí rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í fẹ̀. Ariane 5, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí àwọn ará Yúróòpù lò títí di ọdún 2023, ibi tí ẹrù ń jókòó sí nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 4.5 lọ ní fífẹ̀. Òun náà ni wọ́n sì fi gbé awò ńlá tí wọ́n ń pè ní James Webb lọ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2021, láti ìlú Kourou ní Guiana ti ilẹ̀ Faransé. Dígí awò yẹn fẹ̀ tó mítà 6.5. Aṣọ tó fi ń bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn gùn tó mítà 21, ó sì fẹ̀ tó mítà 14. Bí wọn ò bá ká a, kò sí ibi tó máa gbà wọlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣíṣí ló le nínú iṣẹ́ yìí. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìdè ló le. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra, á máa gbọn gbogbo ohun tó rù jìgìjìgì, ariwo rẹ̀ nìkan sì tó láti fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ ya. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ká gbọ́dọ̀ wà ní dídè pinpin. Ṣùgbọ́n ìdè yẹn kan náà, nígbà tí àkókò bá tó, gbọ́dọ̀ tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì tú pátápátá, kó má ku okùn kan tó há. Bó bá dẹ̀ jù, á tú lójú ọ̀nà. Bó bá le jù, kò ní tú mọ́ láéláé. Ohun méjì tó ń bára wọn jà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìdè kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń hàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tó tú lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ilé kan tó ń jẹ́ Skylab lọ sókè, kí èèyàn lè máa gbénú rẹ̀ ní òfuurufú. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tó gbéra tí afẹ́fẹ́ fi fa ìbora ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya. Ìbora náà gbé ọ̀kan nínú apá sólà méjèèjì lọ, irin pẹlẹbẹ tó ya lára rẹ̀ sì wé mọ́ apá kejì, kò jẹ́ kó ṣí. Ilé ńlá di ilé tí kò níná tó. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, Pete Conrad àti Joseph Kerwin, méjì nínú àwọn tó lọ gbénú rẹ̀, bọ́ síta pẹ̀lú ohun ìgé tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn, wọ́n gé irin náà, wọ́n sì fi okùn fa apá sólà títí tó fi gbà. Bó ṣe gbà lójijì, ó ju àwọn méjèèjì dànù, ọpẹ́lọpẹ́ okùn tí wọ́n fi so ara wọn mọ́lé. Agbára tó há sínú nǹkan tí a dì kì í parẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wá ibìkan gbà jáde.

Èyí tí kò tú rárá ni ti Galileo, òun ló sì máa ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Galileo ni ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ wo Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ lágbo oòrùn wa. Ó ní ántẹ́nà ńlá kan tó fẹ̀ tó mítà 4.8. Àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò ni wọ́n ta sórí ọ̀pá 18, wọ́n sì pa á dé bí a ṣe ń pa agboòrùn dé, gbogbo ọ̀pá náà rọ̀ mọ́ òpó kan láàárín. Ó yẹ kó lọ lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kìíní ọdún náà ni Challenger, irú ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ, gbiná lójú ọ̀run tí èèyàn méje kú, gbogbo ètò sì dúró. Wọ́n fi tírélà gbé Galileo láti Florida padà sí California, wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún fi tírélà gbé e padà sí Florida. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1989 ló tó gbéra.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1991, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó ṣí agboòrùn náà. Ẹ̀rọ tó ń ṣí i bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí díẹ̀, ó sì há. Nígbà tí àwọn tó ń darí rẹ̀ láti ìlú Pasadena ní California kó gbogbo àmì tí ọkọ̀ fi ránṣẹ́ jọ, wọ́n rí i pé agboòrùn náà ṣí lápá kan, kò ṣí lápá kejì. Àwọn ọ̀pá díẹ̀ ṣì dì mọ́ òpó àárín.

Kí ló dè wọ́n? Ìṣó kékeré tó mú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó ní ohun kan tí wọ́n fi pa á lára kó lè máa yọ̀. Gírísì lásán kò ṣeé lò níbẹ̀, nítorí á gbẹ dànù níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni wọ́n fi pa á. Nínú gbogbo ìrìn tírélà lórí ọ̀nà tó gba Amẹ́ríkà kọjá, ọ̀pá ń gbọ̀n mọ́ òpó, irin ń ha irin, ìyẹ̀fun náà sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òfuurufú, irin ìhòòhò ló kan irin ìhòòhò. Irin méjì tó mọ́ tónítóní, tí afẹ́fẹ́ ò sí láàárín wọn, lè lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n jó wọn pọ̀. Kì í ṣe òfuurufú ló ba nǹkan jẹ́. Títì ló bà á jẹ́.

Wọ́n gbìyànjú tán. Wọ́n yí ọkọ̀ náà sí oòrùn kó gbóná, wọ́n yí i kúrò kó tutù, bóyá òpó á gùn tàbí súnkì díẹ̀ kí ìṣó yọ. Wọ́n ń tan ẹ̀rọ tó ń ṣí i, wọ́n ń pa á, wọ́n ń tàn án, ju ìgbà 13,000 lọ, kó lè máa gbá ìṣó náà bí ẹni fi òòlù gbá a. Kò gbà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà. Ántẹ́nà kékeré kan ṣì wà lára ọkọ̀ náà. Ohun tí ántẹ́nà ńlá ìbá sọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ju 130,000 ẹyọ ìròyìn lọ. Ti kékeré kò ju mẹ́wàá sí 20 lọ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ náà níbi tó wà, kó lè máa fún àwòrán pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, wọ́n sì mú kí àwọn ántẹ́nà tó ń gbọ́ ọ láyé túbọ̀ mú etí. Bí Galileo ṣe dé Júpítà ní oṣù Kejìlá ọdún 1995 nìyẹn, ó sì ṣe nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mo gbóríyìn fún àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà yẹn ju àwọn tó kọ́ ọkọ̀ lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé wọn ò dán an wò kó tó lọ ni? Wọ́n dán an wò. Àdánwò orí ilẹ̀ ló níṣòro tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe pé kó ṣí níbi tí kò níwọ̀n, tí ẹ bá fẹ́ ṣí i láyé níbi, ìwọ̀n ara rẹ̀ á fà á ṣẹ́. Nítorí náà wọ́n máa ń fi okùn so apá kọ̀ọ̀kan kọ́ sí òkè àjà, kí okùn bá a gbé ìwọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń ṣí. Okùn yẹn náà sì ń darí nǹkan lọ́nà tí òfuurufú kò ní darí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ń dá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dúró. Ní òfuurufú kò sí ohun tó máa dá a dúró. Ohun tí wọ́n bá rí lórí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tó máa ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìṣirò ni wọ́n fi ń di àlàfo tó wà láàárín méjèèjì.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹ̀yin náà lè fọwọ́ kàn nílé. Ẹ mú téépù irin tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ògiri. Ẹ fà á jáde díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó dúró gbọn-in lófuurufú láìsí ohun tó gbé e lábẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa: kò pẹlẹbẹ, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀. Títẹ̀ yẹn ló fún un lókun. Ẹ wá fi àtàńpàkò tẹ ojú kan, kí títẹ̀ náà pẹlẹbẹ. Kíá ni yóò ṣẹ́ síbẹ̀, láìfọ́. Ẹ jù ú sílẹ̀, á tún na ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní hínjì, kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń yí i, kò ní gírísì tó lè ṣí kúrò. Wọ́n ti lo irú ọgbọ́n yìí ní òfuurufú. Nígbà tí Kánádà gbé sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, Alouette 1, lọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sínú àpótí ni wọ́n tú jáde, irin náà sì ń ká ara rẹ̀ di ọ̀pá bó ṣe ń jáde. Ántẹ́nà rẹ̀ tó gùn jù tó mítà 45 láti orí dé orí. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ George Klein ló ronú ọgbọ́n yẹn.

Ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Koryo Miura, wá ọ̀nà tirẹ̀ lórí bébà. Ó ká bébà lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fa igun méjì tó kọjú síra, gbogbo rẹ̀ á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi irú kíká yẹn ṣe pátákó sólà kan tó lọ sókè lọ́dún 1995.

Ṣùgbọ́n ká má gbàgbé pé bí nǹkan bá ṣí tán, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tán. Ohun gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń mì, mímì yẹn sì ń darí ọkọ̀ síbi tí a ò fẹ́. Explorer 1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà gbé sókè ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1958, rí bí ọ̀pá gígùn. Wọ́n ṣe é kó máa yí lórí gígùn ara rẹ̀. Wáyà rírọ̀ mẹ́rin ló jẹ́ ántẹ́nà rẹ̀. Bó ṣe ń yí, wáyà ń tẹ̀, ó ń nà, ó sì ń jẹ agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀. Ohun tó ń yí tí agbára rẹ̀ ń dín kù kì í lè dúró sórí gígùn rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ìbú rẹ̀ ló máa fi yí. Kò pẹ́ rárá tí Explorer 1 fi ń ta òkìtì lójú ọ̀run. Ìwé ìṣirò tí wọ́n ń lò nígbà náà rò pé ọkọ̀ le gan-gan bí òkúta. Wáyà kékeré mẹ́rin ló kọ́ wọn ní òmíràn, láti ọjọ́ yẹn ni kò sì sí onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ tó máa fojú kéré ohun tó bá ń mì.

Awò Hubble náà jìyà rẹ̀. Ó gòkè ní oṣù Kẹrin ọdún 1990 pẹ̀lú pátákó sólà tó ń tú bí ẹní. Bó ṣe ń yí ayé ká, ó ń jáde látinú òkùnkùn bọ́ sínú oòrùn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 95 síra. Nígbàkigbà tó bá bọ́ sóòrùn, ọ̀pá tó di pátákó náà mú á gbóná lápá kan ju apá kejì lọ, á tẹ̀, gbogbo awò á sì gbọ̀n. Awò tó ń wo ìràwọ̀ tó jìnnà réré kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, wọ́n lọ pààrọ̀ pátákó náà. Ọ̀kan ti wọ́ débi tí kò fi lè ká padà mọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó lọ, Kathryn Thornton, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú, tó sì jù ú sílẹ̀ sínú òfuurufú.

Ẹ̀rọ roboti tó ń rìn lórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì náà gbọ́dọ̀ ṣí ara rẹ̀. Spirit, tó balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2004, ká ẹsẹ̀ àti táyà rẹ̀ sábẹ́ nígbà tó ń lọ. Nígbà tó balẹ̀, ó kọ́kọ́ na sólà rẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ dìde, ó na táyà. Àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi balẹ̀ dí ọ̀nà iwájú rẹ̀, wọ́n ní láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kó tó rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tó ju mẹ́wàá lọ ló fi ṣe gbogbo ìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Ó wá ku James Webb. Ibi tó ń lọ jìnnà tó mílíọ̀nù kìlómítà kan àtààbọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè lọ tún un ṣe bí wọ́n ṣe tún Hubble ṣe. Ìpele ìbora rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, wọ́n tẹ́ wọn lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́lẹ́ débi pé èyí tó nípọn jù lọ nínú wọn jẹ́ ìdá 20 mìlímítà kan. Ìdè 107 ló mú wọn dúró, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ tú. Kò sí kámẹ́rà lára awò náà tí wọ́n lè fi wo bí iṣẹ́ ń lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó yẹ kí ìbora ìta ká ara rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó na ọwọ́ ẹ̀gbẹ́. Wọ́n pàṣẹ. Àwọn bọ́tìnì kékeré tó yẹ kó sọ pé ó ti ká tán kò sọ nǹkan kan. Ẹ gbé ara yín sípò wọn: ọdún ń parí lọ, iṣẹ́ tó ju 20 ọdún lọ wà níwájú yín, ẹ ò sì rí i. Wọn ò sáré. Wọ́n lọ wo ìwọ̀n ooru, wọ́n rí i pé ibi kan tí oòrùn ń pa tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ òjìji. Wọ́n wo ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí awò ṣe ń yí, wọ́n rí i pé ó ti mì lọ́nà tó bá títú àwọn ìdè mu. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbà pé ó ti ká, wọ́n sì tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn náà wọ́n tún dúró, nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ń fa ìbora le gbóná díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n yí awò náà díẹ̀, ó tutù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2022, ìbora márààrún le koko. Ní ọjọ́ 8, dígí náà ṣí tán. Sùúrù yẹn ni mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́ tó ga jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Yúróòpù rán ọkọ̀ tiwọn, Juice, lọ sí Júpítà kan náà tí Galileo lọ. Ántẹ́nà rẹ̀ kan gùn tó mítà 16. Kí ló tún ṣẹlẹ̀? Ìṣó kékeré kan há, ántẹ́nà kọ̀ kò nà tán. Wọ́n gbọn ọkọ̀ náà, wọ́n yí i sóòrùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tú ìdè mìíràn tó wà nítòsí, kí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lè kan ìṣó náà. Ìṣó yọ, ántẹ́nà nà gbọọrọ. Ohun tí òòlù 13,000 kò lè ṣe fún Galileo, ìdè kan tó tú lójijì ṣe é fún Juice.

Nàìjíríà ilé wa ńkọ́? Sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ wa àkọ́kọ́, NigComSat-1, lọ sókè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, àìsàn pátákó sólà ló sì gbà á kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008; ọdún 2011 la tó rí arọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ́ ti àwọn ọmọ wa gan-an. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ dara pọ̀ mọ́ ti Kyushu ní Japan, wọ́n kọ́ NigeriaEduSat-1, àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ó gòkè ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, wọ́n sì tú u sílẹ̀ látinú ilé òfuurufú àgbáyé ní oṣù Keje.

Ẹ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe ántẹ́nà? Irin téépù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á wé e mọ́ ara àpótí, wọ́n á fi okùn náílọ́ọ̀nù bí ti apẹja dì í. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fara kan okùn náà. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ tán, á dúró fún ìṣẹ́jú 30, kó lè jìnnà sí ilé tí èèyàn wà. Lẹ́yìn náà ni bátìrì á fi iná sínú wáyà, wáyà á gbóná, okùn á jó, téépù á na ara rẹ̀. Bí okùn ò bá jó, àpótí náà dití, ó sì yadi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba àti àwọn olówó wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ irú àpótí yìí ni yàrá kékeré kan tí wọ́n lè fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì lè mú kó tutù gan-an. Okùn tó ń jó dáadáa lórí tábìlì ní Àkúrẹ́ lè ṣe ọ̀tọ̀ ní òfuurufú. Níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí, ooru kì í tètè kúrò lára wáyà, ó lè gbóná kọjá ààlà kó já kí okùn tó jó tán. Bátìrì tó tutù náà kì í lè gbé iná tó. Kí wọ́n jó okùn yẹn léraléra, nígbà tí bátìrì kún, nígbà tó kù díẹ̀, nígbà tí yàrá gbóná, nígbà tó tutù, kí wọ́n sì máa kọ ìṣẹ́jú àáyá tó gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.